Àṣàkù Ẹ̀pà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá nìkan jáde ní ìlú òyìnbó, mo rí obìnrin kan tó ń sáré bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Àgbàlagbà ni, irun rẹ̀ ti funfun tán, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀ nínú òtútù, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. N ò béèrè ohunkóhun. Mo yí padà, mo gbá báàgì mi máyà, mo sì bá ẹsẹ̀ mi sọ̀rọ̀. Ní Ìgbòho níbi tí wọ́n ti bí mi, a mọ̀ pé àgbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé ejò, ejò ní ń lé e. Kò pẹ́ tí ìyá arúgbó náà fi lé mi bá. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó juwọ́, ó sì kọjá lọ. Mo wẹ̀yìn. Kò sí ejò, kò sí màlúù tó já okùn, kò sí nǹkan kan. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú ń tì mí.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ara rẹ̀ ló ń tọ́jú, pé ó ń sáré kí àìsàn má baà rí i gbé ṣe ni. Háà! Ẹni tó gbé mọ́tò síwájú ilé, tó tún ń fi ẹsẹ̀ sáré láti ilé rẹ̀ padà sí ilé rẹ̀! Bàbá mi fẹsẹ̀ rin láti ilé dé oko ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kọ ebè, ó ru iṣu, ó tún fẹsẹ̀ rin bọ̀ wálé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ara ló ń tọ́jú. Ìyà là ń pè é. Nítorí ìyà yẹn náà ni mo ṣe kúrò nílé.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà, tí wọ́n sì ń dì í sínú ọ̀rá, ni mo ti ríṣẹ́. Ẹ gbà mí o! Ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́pà láti Òkè-Ògùn wọ bàálù, ó fò kọjá aṣálẹ̀, ó fò kọjá òkun, ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀pà náà ló tún lọ bá. Nígbà tí mo sọ fún Màmá lórí fóònù, ó ní:

"Ṣé wọ́n ń gbin ẹ̀pà lọ́hùn-ún ni?"

"Wọn ò gbìn ín, Màmá. Wọ́n ń rà á ni."

"Kí lo wá bá lọ? Ṣé èyí tó wà nílé ò tó ẹ ṣà ni?"

Mò ń gbọ́ ẹ̀rín Àǹtí Ràfátù, ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá Màmá gbé, lẹ́yìn rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo pa fóònù ni mo sunkún.

Ohun tó dùn mí jù ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni pé n ò rí ẹni kí. Èmi tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ dàgbà, tí n ò gbọdọ̀ kọjá àgbà láìkí i, mo kí aládùúgbò mi láàárọ̀, ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, mo máa ń ti ilẹ̀kùn, mo máa ń ro ọkà kí yàrá mi lè gbóòórùn bí ilé, mo sì máa ń jẹ ẹ́ títí n ò fi ní lè dìde. Ọkà, ìrẹsì, búrẹ́dì, adìẹ dídín, mínírà aládùn. Bọ́ọ̀sì gbé mi lọ síbi iṣẹ́, bọ́ọ̀sì gbé mi bọ̀. Kí ọdún tó yípo, aṣọ tí mo kó wá láti ilé ò wọ̀ mí mọ́. Màmá rí mi lójú fóònù, ó pe gbogbo agboolé jọ. "Alihamudulilaahi! Ẹ wá wo ọrùn ọmọ mi! Ẹ wo bó ṣe ń yọ ìpele!" Inú mi dùn. Bí àjò bá dáa, ara ló yẹ kó sọ.

Nọ́ọ̀sì kan ló bà á jẹ́ fún mi. Ó gbé mi gun òṣùwọ̀n, ó wo ohun tó kọ, ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé kí n dín ara yìí kù. Ó ní ọ̀rá àpọ̀jù lára àti jíjókòó sójú kan máa ń jẹ́ kí àwọn oríṣi jẹjẹrẹ kan, irú ti ọmú àti ti ìfun, tètè rí èèyàn mú. Jẹjẹrẹ kẹ̀? Ara mi gbóná. Èwo ni kí èèyàn máa fi ẹnu ara rẹ̀ pe aburú sí ọmọ ọlọ́mọ lórí! Mo ní Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ nínú mi, mo sì bọ́ sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Obìnrin náà ò bínú. Ó ní òun ò sọ pé gbogbo ẹni tó sanra ni yóò ní in, bẹ́ẹ̀ ni òun ò sọ pé ẹni tó tín-ín-rín ti bọ́. Ewu là ń dín kù, ó ní, a ò lè mú un kúrò pátápátá. Mo bínú délé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n gbádùn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀sì kí ó tó dé ibi tí mò ń lọ, mo wá ń fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mo dín mínírà kù, mo ń fi ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà kún oúnjẹ mi. N ò sọ fún Màmá.

Ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ ń jẹ́ Màríà, obìnrin Potogí kan tí kì í ṣeré. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń gbé ẹ̀pà kọjá níwájú iná, tí yóò sì máa fẹ́ èyí tí kò dáa sínú garawa pupa kan. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa mí, mo bu ẹ̀pà díẹ̀ nínú garawa náà, mo jù ú sẹ́nu. Màríà kígbe, ó sì gbá mi lọ́wọ́.

"Tu ú dànù! Tu ú!"

Mo tu ú. Mo rò pé olè ló ń pè mí. Mo ní, "Ṣebí ẹ fẹ́ dà á nù náà ni?"

Ó ní, "Ó nídìí tí a fi fẹ́ dà á nù."

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀pà tó ti bu, tó dúdú, tó hunjọ, májèlé wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí. Àtifọ̀, àtisá sóòrùn, àtiyan, kò sí èyí tó ń mú un kúrò tán. Kì í pa èèyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń lọ bá. Bí èèyàn bá ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, pàápàá bí kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún tẹ́lẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n dá odindi ọkọ̀ akẹ́rù ẹ̀pà kan padà lẹ́nu géètì wa, nítorí pé wọ́n yẹ ìwọ̀nba díẹ̀ wò nínú rẹ̀, wọ́n bá májèlé náà níbẹ̀. Mo káwọ́ lérí. Ẹ̀pà tó lè bọ́ àdúgbò wa!

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn kọ́ ló já mi láyà. Ohun tó já mi láyà ni pé mo mọ ẹ̀pà inú garawa pupa yẹn. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ ojú ara mi nínú dígí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nílé wa, bí a bá ti pa ẹ̀pà tán, gbogbo wa ló máa ń jókòó yí òkìtì rẹ̀ ká, ọwọ́ á máa ṣà á. Èyí tó gbó dáadáa, tó ń dán, á lọ sínú àpò. Èyí tó rún, tó dúdú, tó ti bu, tó korò lẹ́nu, á bọ́ sínú igbá. Àṣàkù là ń pè é. Kò sẹ́ni tó ń da àṣàkù nù. Èyí tó dáa, ti ọjà ni. Àṣàkù, ti ilé ni. Òun là ń lọ̀ sí ọbẹ̀, òun là ń fi ṣe kúlíkúlí, òun náà la sì ń lọ̀ mọ́ ògì ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kí egungun rẹ̀ lè le. Àgbẹ̀ tó bá ń bu ẹ̀pà gidi jẹ, àpà ni wọ́n ń pè é. Àgbàdo náà bẹ́ẹ̀: èyí tí òjò bá nílẹ̀ tó sì bu, ilé ló ń jẹ ẹ́. A ò kà á sí ìyà rárá. Ọgbọ́n là ń pè é.

Bàbá mi fẹ́ràn kúlíkúlí. Á fi í mu gààrí lóko, á fi í pa ebi lọ́nà. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wá di yẹ́lò, ikùn rẹ̀ wú bíi ti aboyún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín. Àwọn kan ní ibà apọ́njú ni. Àwọn kan ní aráyé ló ṣe é, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìdílé kan tó wà nítòsí jà nítorí rẹ̀. Ìgbà tí a gbé e dé ọsibítù ní Ṣakí, dókítà fọwọ́ tẹ abẹ́ ìhà rẹ̀, ó mi orí, ó ní ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

N ò lè búra pé àṣàkù ló pa á. Màríà náà ní kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn mọ́. Ṣùgbọ́n mo dúró ti garawa yẹn, omi ń dà lójú mi, ẹ̀rọ ń fẹ́ ẹ̀pà sínú rẹ̀, mo wá rántí pé Màmá ṣì wà nílé tó ń jẹ ẹ́.

Mo pè é kí n tó bọ́ aṣọ iṣẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àṣàkù yẹn, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

"Kí ló ṣe é?"

"Májèlé wà nínú ẹ̀. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó lè di jẹjẹrẹ síni lára."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí! Òun la fi tọ́ ẹ dàgbà. Ṣé òkú ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù yìí ni?"

"Màmá, Bàbá ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ẹ̀rín gé. Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lágbàlá wa.

"Má fi bàbá ẹ ṣe àpèjúwe fún mi," ó ní. "Ọlọ́hun ló ni ẹ̀mí ẹ̀." Ó gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi.

Àǹtí Ràfátù ní, "Kí lo fẹ́ ká ṣe gan-an? Ká máa jẹ èyí tó dáa, ká wá máa ta àṣàkù fọ́mọ ọlọ́mọ?"

"Ẹ má tà á náà. Ẹ dà á nù."

"Ká da oúnjẹ nù? Ní Ìgbòho níbí?" Ohùn rẹ̀ ga sókè bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ tiná bọlé.

Mo di oníwàásù. N ò pè kí n má sọ ọ́. Mo ní kí wọ́n yé sá ẹ̀pà sórí ilẹ̀ lásán, kí wọ́n tẹ́ tapólì. Mo ní kí wọ́n má rọ ọ́ sínú àpò kó tó gbẹ, kí wọ́n má sì wọ́n omi sí èèpo rẹ̀ mọ́ kó lè rọrùn láti pa, nítorí ọ̀rinrin yẹn ló ń jẹ́ kó bu. Mo bẹ Àǹtí Ràfátù kó mú Màmá lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n lọ, wọ́n ní kò sí kòkòrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Màmá fi ìyẹn kọlù mí fún ìgbà pípẹ́: "Èmi tí mo ti ń jẹ ẹ́ látọmọdé, ẹ̀dọ̀ mi le bí òkúta." Mo ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá gba abẹ́ igi kọjá ni ẹ̀ka ń wó lù. Lọ́jọ́ kan ṣá, láìjẹ́ pé mo tún sọ ọ́, ó ní, "Ó dáa. A ò ní jẹ ẹ́ mọ́. Mo ti gbọ́." Mo jó nínú yàrá mi títí aládùúgbò fi gbá ògiri.

Níbi iṣẹ́, èmi ni ará ibi tí ẹ̀pà ti ń wá. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bó ṣe ń hù, èmi ni wọ́n ń bi. Nílé, mo ti di ẹni tó ń bẹ̀rù ẹ̀pà. N ò mọ èyí tó yẹ kí n máa pe ara mi nínú méjèèjì. Mo kàn mọ̀ pé mo ti bá ìyá mi jà lórí oúnjẹ, mo sì ti borí, bẹ́ẹ̀ ni n ò sí níbẹ̀ láti rí i.

Nígbà tí mo wá gba ìsinmi lọ sílé, Màmá di apá mi mú lẹ́nu ọ̀nà, ó bú sẹ́kún.

"Ọrùn mi dà? Ta ló ń febi pa ẹ́?"

"Kò sẹ́ni tó ń febi pa mí, Màmá. Mò ń rìn ni."

"O ń rìn lọ síbo?"

"N ò lọ síbì kankan. Mo kàn ń rìn."

Ó wo Àǹtí Ràfátù, Àǹtí Ràfátù wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gbàdúrà sí mi lórí.

Mo yọjú sínú gbogbo ìkòkò ilé. Wọn ò purọ́ fún mi. Kò sí ẹ̀pà nínú ọbẹ̀ wọn mọ́, kò sí igbá àṣàkù ní ilé ìdáná. Tapólì tuntun wà lágbàlá. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ṣe kírun tán, àwọn ọmọ ilé-kéwú àdúgbò wa rọ́ dé tàwọn ti abọ́ lọ́wọ́, Ààfáà tó ń kọ́ wọn tẹ̀lé wọn. Màmá gbé agbada ńlá kan jáde láti ilé ẹ̀yìn. Ó ń bù fún wọn, wọ́n ń jẹ, Ààfáà ń ṣàdúrà: "Ọlọ́hun á máa ṣọ́ ọmọ yín lókè òkun." "Àmín!" "Kò ní ṣàìsàn níbẹ̀." "Àmín!" Orí mi wú. Mo kúnlẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé náà, mò ń ṣe àmín pẹ̀lú wọn. Ọmọdébìnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí i pé ọwọ́ mi ṣófo, ó bu díẹ̀ nínú tirẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́.

Mo wò ó. Ó dúdú. Ó rún. Ohun funfun kan hu sí i lára.

"Màmá," mo ní, "kí lèyí?"

"Sàráà ẹ ni," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Láti ìgbà tó o ti ní ká má jẹ ẹ́ mọ́, gbogbo Jímọ̀ ni mò ń fi ṣe sàráà fún ẹ. O ò fẹ́ ká jẹ ẹ́, Ọlọ́hun ò sì fẹ́ ká fi oúnjẹ ṣòfò."

Èmi ni mo wàásù májèlé kúrò lẹ́nu ìyá mi, tí mo sì wàásù rẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọ yìí. Bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu tọrọ ẹ̀mí gígùn fún mi ni wọ́n ń fi ẹnu náà jẹ ẹ́. Mo figbe ta.

"Ẹ má jẹ ẹ́! Ẹ tu ú dànù! Ẹ tu ú!"

Mò ń gba abọ́ lọ́wọ́ wọn, mò ń tú ọwọ́ wọn tí wọ́n dì. Àwọn kékeré bú sẹ́kún. Àwọn aládùúgbò yọrí lókè ògiri. Màmá dúró síbẹ̀, síbí tó fi ń bu ẹ̀pà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"O gba sàráà lẹ́nu ọmọ kéwú?" ó ní. "Lójú mi? Nílé mi?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Ààfáà, ọ̀rọ̀ ń kọlu ara wọn lẹ́nu mi: bíbu, májèlé, ẹ̀dọ̀, jẹjẹrẹ, bàbá mi. Ó gbọ́ mi tán. Ó tẹjú mọ́ inú agbada náà fún ìgbà díẹ̀.

"Èmi náà ń jẹ ẹ́," ó ní jẹ́jẹ́. Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá Ràfátù, ẹ má bínú sí ọmọ yín. Ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, Ọlọ́hun ò ní kà á sí yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n a ti wá mọ̀ ọ́n báyìí."

Màmá jókòó sórí àpótí. Ojú tì í, mo sì rí i, ó sì dùn mí ju kó gbá mi létí lọ. Mo fẹ́ lọ bá a, Àǹtí Ràfátù dì mí mú. Nígbà tó pẹ́, Màmá dìde, ó wọ yàrá, ó sì wọ́ odindi àpò kan jáde.

"Màmá, ẹ̀pà ọjà nìyẹn!" ni Àǹtí Ràfátù wí.

"Mo mọ̀."

Ó tú ẹnu àpò náà. Ó da agbada ti tẹ́lẹ̀ sínú kòtò tí a ti ń sun ìdọ̀tí, ó fi omi ṣan agbada, ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó wá da ẹ̀pà tó ń dán náà sínú rẹ̀. "Ẹ wá," ó ní fún àwọn ọmọ náà. Wọ́n ń wò mí kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Ó bu fún gbogbo wọn yíká, ó bu fún Ààfáà, kò wo ojú mi.

Nígbà tó kárí, ó mú ẹyọ kan. Ó là á sí méjì, ó wo inú rẹ̀ dáadáa, ó sì jù ú sẹ́nu. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó dúró, ó tún mú òmíràn.

"Ràfátù," ó ní, "mo ti gbàgbé pé ẹ̀pà ò korò."